Páálí Ìṣáná Tó Kún

Ìyá mi àtàtà,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ọdún kọkànlá rèé tí a ti sin yín, èyí sì ni lẹ́tà àkọ́kọ́ tí mo máa kọ sí yín. Ẹ má wulẹ̀ rò pé mo bẹ ẹnì kan kó bá mi kọ ọ́. Ọwọ́ mi ni. Ọdún kẹta mi rèé ní kíláàsì mọ̀-ọ́n-kọ-mọ̀-ọ́n-kà tí wọ́n ń ṣe ní ìrọ̀lẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó wà nítòsí ilé mi ní Ẹ̀gbẹ́dá. Tíṣà wa kéré sí àbíkẹ́yìn mi, ṣùgbọ́n tó bá ti wọlé, gbogbo wa ìyá arúgbó la máa ń dìde kí i. Ó ní kí olúkúlùkù kọ lẹ́tà sí ẹni tó wù ú. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kọ sí ọmọ wọn tó wà lókè òkun. Èmi kọ sí yín.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ka ará ilé fún yín. Kúdírá ọmọ mi kejì ti bí ìbejì, akọ kan, abo kan, èyí tó jẹ́ abo ló gbé iwájú orí yín wá sáyé gẹ́lẹ́. Múfútáù bí ọmọ ọkùnrin kan tí kì í sùn, tó fẹ́ràn ariwo bí ẹni pé inú ọjà Ìkòtún ni wọ́n bí i sí, ẹ̀yìn ọjà náà ni wọ́n sì ń gbé lóòótọ́. Ràsákì àkọ́bí mi fi ọmọ rẹ̀ obìnrin fún ọkọ ní oṣù tó kọjá. Ará Oǹdó ni ọkọ, ọmọ ìjọ Áńgílíkà, iṣẹ́ ìjọba ló ń ṣe, wọ́n sì háyà ilé sí Ìpájá. Àwọn kan kùn nílé wa pé ṣé ọmọ mùsùlùmí ló yẹ kó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ní ẹ wo bó ṣe ń dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ kí mi, ẹ jẹ́ kí n gbádùn ẹ̀ jàre.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ìgbéyàwó yẹn, mo bá ara mi lẹ́nu ọ̀nà, mò ń wo títì bí ẹni tó ń retí àlejò. Mọ́rẹ̀nikẹ́ bá mi níbẹ̀. Ẹ rántí Mọ́rẹ̀nikẹ́, àkọ́bí Kúdírá, tí ẹ pọ̀n títí ẹ̀yìn yín fi ń ro yín. Ó ti di ọmọbìnrin gíga tó ń ya fíìmù jẹun, Gowon Estate ló ń gbé.

"Màmá àgbà, ta lẹ ń retí?"

Ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀. Mo ní, "Páálí ìṣáná ni."

Ó rò pé mo fẹ́ dáná. Mo wá ṣàlàyé fún un pé ní ìgbà tiwa, bí ọkọ bá bá ìyàwó rẹ̀ nílé, àwọn ará ilé ọkọ á gbé páálí ìṣáná tó kún fọ́fọ́ wá fún ìyá ìyàwó ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ìyá á gbé e sókè, á fi jó. Bí ọkọ kò bá bá a nílé, páálí tí ìṣáná inú rẹ̀ kò ju àbọ̀ lọ ni wọ́n máa gbé wá, ìyá kò sì ní í lè gbé ojú sókè ládùúgbò mọ́.

"Tiyín ńkọ́, Màmá àgbà?"

"Ó kún. Gbogbo Ìgándò ló rí i pé ó kún."

Mi ò parọ́, Ìyá mi. Gbogbo Ìgándò ló rí i lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ náà ń wò mí, ojú ẹni tó ń ya fíìmù kì í ṣe ojú lásán. Kò bi mí ní nǹkan mìíràn. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà ló wá bẹ̀ mí pé kí n yá òun ní pálọ̀ mi.

Fíìmù tó fẹ́ yà kì í ṣe eré. Ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an ni, láti ẹnu ẹni tó ṣẹlẹ̀ sí. Ó dá lórí àwọn obìnrin Alímọ̀ṣọ́ tí wọ́n ti fipá bá lò pọ̀, tí wọn kò kú, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́, tí wọ́n ń tọ́jú ilé, tí a jọ ń wọ bọ́ọ̀sì tí a kò mọ̀. Gbogbo alángbá ló da ikùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Ògiri yàrá Mọ́rẹ̀nikẹ́ fẹ́lẹ́, aládùúgbò rẹ̀ ń gbọ́ bó ṣe ń mí, kò sì sí obìnrin tó máa sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. Ògiri tèmi nípọn. Mo gbà.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ kò lọ dáadáa. Obìnrin mẹ́ta wá. Wọ́n jókòó sórí àga mi, wọ́n nà ró, wọ́n ń wo ojú kámẹ́rà bí ẹni tó fẹ́ ya fọ́tò pásípọ́ọ̀tù. Mọ́rẹ̀nikẹ́ ti ní kí a pa fáànù, kí a pa fíríìjì pẹ̀lú, torí kámẹ́rà ń gbọ́ gbogbo ariwo wọn. Ooru mú wa. Onídìrí kan láti Ìkòtún, tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́ láti ìta, ṣí ẹnu lẹ́ẹ̀mẹta, ohùn kò jáde. Mọ́rẹ̀nikẹ́ ń sọ pé kí wọ́n má wo kámẹ́rà, kí wọ́n máa wo òun. Wọ́n wò ó. Kò tún sí ọ̀rọ̀.

Ẹ̀yin ni mo rántí. Bí ẹ bá fẹ́ gbọ́ òótọ́ lẹ́nu wa nígbà tí a wà ní kékeré, ẹ kì í bi wá. Ẹ ó kó ẹ̀gẹ́ síwájú ẹni náà, ẹ ó mú ọ̀bẹ fún un, ẹ̀yin náà á jókòó tì í, ẹ ó máa bó tiyín lọ láìsọ̀rọ̀. Kí ẹ̀gẹ́ tó tán, ẹni náà á ti jẹ́wọ́ ẹran tó jẹ nínú ọbẹ̀. Ọwọ́ tó bá ríṣẹ́ ṣe, ẹnu rẹ̀ á tú.

Mi ò ní ẹ̀gẹ́ nílé. Mo da ẹ̀wà sínú àwo pẹrẹsẹ, mo gbé e sáàárín wọn. Mo ní, "Ẹ bá mi ṣa òkúta inú ẹ̀wà yìí jàre, ojú mi kò ríran mọ́." Irọ́ ni, mo ríran. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí ṣa á. Orí wọn tẹ̀ wálẹ̀, ọwọ́ wọn ń lọ. Láìpẹ́ onídìrí Ìkòtún bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń bá ẹ̀wà sọ ọ́, Mọ́rẹ̀nikẹ́ kò sì dá sí i, ó kàn yí ojú kámẹ́rà sí ọwọ́ wọn. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ya ìyókù. Nínú fíìmù náà, ọwọ́ obìnrin tó ń ṣa ẹ̀wà lẹ máa rí jù, ẹ ó sì máa gbọ́ ohùn wọn lókè rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fi ojú hàn á gbé orí sókè fúnra rẹ̀.

Lọ́jọ́ yẹn, a gbàgbé fíríìjì ní pípa. Ẹja mi bàjẹ́ pátá. Mọ́ínmọ́ín tí mo fi ẹ̀wà náà ṣe fún wọn kò ní nǹkan kan nínú ju ata àti àlùbọ́sà lọ.

Onídìrí bù ú jẹ, ó ní, "Màmá, mo ti gbọ́ mọ́ínmọ́ín ẹlẹ́mìí méje. Èyí ò lẹ́mìí rárá."

"Jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀," mo sọ fún un. "Ẹ̀mí tó wà nínú ẹ̀ ti lọ sínú kámẹ́rà."

A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa, lẹ́yìn gbogbo ohun tó ti sọ lówùúrọ̀ yẹn. Mi ò mọ̀ pé ènìyàn lè ṣe méjèèjì ní ọjọ́ kan náà.

Iṣẹ́ tèmi ni pé kí n ka ìwé fún wọn. Ìwé kan wà tí ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí, pé òun gbà kí wọ́n ya òun, pé òun lè sọ nígbàkigbà pé kí wọ́n yọ ọ̀rọ̀ òun kúrò. Mọ́rẹ̀nikẹ́ kọ ọ́ ní Yorùbá. Mo máa ń fi ìka tọ ìlà rẹ̀ lọ bí tíṣà wa ṣe kọ́ wa. Mo máa ń ka ibi tí wọ́n ti lè sọ pé àwọn kò ṣe mọ́ yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Ìyá mi, kò sí ẹni tó ka irú rẹ̀ fún èmi rí.

Mo ti ń rìn yíká ọ̀rọ̀ yìí láti òkè ìwé. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́. Ẹ rántí ìbátan Bàbá wa tó ń fi ọkọ̀ kó gàrí yín lọ sọ́jà, tó ń gbé ní apá kejì àgbàlá wa. Ẹ rán mi tẹ̀lé e lọ́jọ́ kan kí n lọ ka iye àpò. Mi ò ní kọ ohun tó ṣe lójú ọ̀nà oko síbí, ìwé yìí kò gbà á. Nígbà tí mo dé, mo sọ fún yín pé àìsàn ń ṣe mí. Ẹ fi ọwọ́ kan iwájú orí mi. Ẹ wò mí. Ẹ sì ní kí n lọ sùn.

Láti ọjọ́ yẹn títí mo fi lọ sílé ọkọ, ẹ kò tún pè mí jókòó ti ẹ̀gẹ́ mọ́. Ẹ ó ní kí n lọ pọn omi, kí n lọ ṣẹ́ igi. Àbúrò mi Sìdíkátù, tí kò lè gbé ọ̀bẹ dáadáa, òun lẹ wá ń pè. Mo rò pé ẹ kò fẹ́ràn mi mọ́. Ẹ kò sì rán mi tẹ̀lé ọkọ̀ yẹn mọ́ láé, ẹ̀yin fúnra yín lẹ bẹ̀rẹ̀ sí tẹ̀lé e. Ṣé ẹ mọ̀? Ṣé ohun tí ẹ̀gẹ́ máa mú jáde lẹ́nu mi lẹ sá fún?

Nígbà tí mo bí Ràsákì ni mo gbọ́ ti ìṣáná. Àǹtí ọkọ mi tó gbé e wá fún yín ló sọ ọ́ fún mi lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, nígbà tó ń wẹ ọmọ. Ó ní páálí tí wọ́n gbé lé òun lọ́wọ́, àbọ̀ ni. Ó ní ẹ pàdé òun kí òun tó wọ àgbàlá, ẹ gba páálí náà, ẹ fi í sábẹ́ ìró, ẹ wọ inú ilé ìdáná lọ. Nígbà tí ẹ máa jáde, páálí tó kún fọ́fọ́ ló wà lọ́wọ́ yín, ẹ gbé e sókè, ẹ ń jó.

"Mo wò ó," ó ní, "mo mọ̀ pé kì í ṣe èyí tí mo gbé wá. Mo bá ìyá rẹ jó. Kí ni kí n ṣe? Èmi náà bí ọmọ obìnrin."

Ọkọ mi kò dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ títí Ọlọ́run fi pè é. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, inú sì ń bí mi sí i pẹ̀lú, pé kò bi mí lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀yin ńkọ́? Gbogbo àkókò yẹn, mo rò pé ọgbọ́n ojú ẹsẹ̀ ni, pé ojú tì yín, ẹ yára wá nǹkan bo ojú ara yín. Mi ò bi yín. Ẹ̀yin náà kò sọ. Ohun kan ṣoṣo tí mo rí ni pé láti ìgbà ìgbéyàwó mi, ẹ kò ṣá ìṣáná mọ́. Bí ìṣáná tilẹ̀ kún inú ilé, ẹ ó mú àpáàdì, ẹ ó lọ bu ẹ̀yinná lọ́dọ̀ aládùúgbò. Àwọn ọmọ mi máa ń fi yín rẹ́rìn-ín pé ahun ni ìyá àgbà. Èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Ẹ forí jì mí.

Ọmọbìnrin kan wà lára àwọn tó wá, aránṣọ ni, láti Ìpájá. Àbíkẹ́ ni mo máa pè é, kì í ṣe orúkọ rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló wá, ẹ̀ẹ̀mẹta ló jókòó ti ẹ̀wà, ẹ̀ẹ̀mẹta ló dìde láìsọ̀rọ̀. Nígbà kẹta, ó tẹ̀lé mi wọ ilé ìdáná. Mò ń ṣá ìṣáná sí sítóòfù lọ́wọ́.

"Màmá, ṣé ó máa ń tán?"

Iná náà jó dé ìka mi kí n tó dáhùn. Mo ní, "Kì í tán. Ṣùgbọ́n ènìyàn máa ń dàgbà jù ú lọ."

"Báwo lẹ ṣe mọ̀?"

Ìyá mi, kí ni kí n sọ? Pé mo kà á nínú ìwé ni? Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Mo jáde lọ bá Mọ́rẹ̀nikẹ́, mo ní kó gbé àga tèmi náà sí ìdí ẹ̀wà.

Ọmọ náà kò ṣe bí ẹni tí ẹnu yà. Ó kàn bi mí jẹ́jẹ́ pé, "Màmá àgbà, ṣé kí n yà yín láti ẹ̀yìn?"

"Ṣé ẹ̀yìn mi ló fẹ́ sọ̀rọ̀ ni? Iwájú ni o. Ṣùgbọ́n kì í ṣe lónìí. Mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ fún Sìdí."

Sìdíkátù ló ń gbé inú ilé yín ní Ìgándò báyìí. Àwọn ọmọ ìbátan Bàbá wa yẹn ṣì wà ní apá kejì àgbàlá, wọ́n sì bọ̀wọ̀ fún wa. Mo bá a tó ń yan ẹja. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un: ojú ọ̀nà oko, páálí tó jẹ́ àbọ̀, kámẹ́rà. Kò gbé ojú sókè.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ìwé tí ẹ ń kọ́ lójú alẹ́ yìí ló ń gùn yín ni?"

"Bóyá òun ni. Ó ti pẹ́ kó tó gùn mí."

"Ẹni náà ti kú! Ẹ fẹ́ kí àwọn ọmọ rẹ̀ máa wò wá bí i kí ni?"

"Mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Ojú tèmi ni mo fẹ́ mú wá, kì í ṣe tirẹ̀."

"Ta ni kò ní mọ̀? Ẹ fẹ́ tú ilé Bàbá wa ká lórí ohun tó ti jóná tán."

Mo ní kò jóná tán, pé a kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Ó ju ìkọ́ ẹja sílẹ̀. Ó ní kí n kó òwe mi lọ sí Ẹ̀gbẹ́dá. Ó wá sọ èyí tó dùn mí jù.

"Ìyá wa jó lọ́jọ́ náà! Mo rí i! Gbogbo ayé rí i! Ẹ wá fẹ́ sọ fún wọn pé irọ́ ni ijó ìyá wa?"

Mo kẹ̀yìn sí i. Mo kúrò níbẹ̀, mo fi ẹsẹ̀ rìn títí ó fi rẹ̀ mí kí n tó wá bọ́ọ̀sì. Mo rò ó pé bóyá òun ló tọ̀nà. Orúkọ yín ni ogún tí ẹ fi sílẹ̀ fún wa, ta ni èmi tí mo fẹ́ fọwọ́ kàn án? Ṣùgbọ́n bí mo bá dákẹ́, kí ni mo fẹ́ sọ fún ọmọ tó bi mí bóyá ó máa ń tán? Mo tún rántí pé gbogbo ọmọ mi obìnrin ni mo kìlọ̀ fún bí wọ́n ṣe ń dàgbà, pé kí wọ́n má rìn síbí, kí wọ́n má wọ tọ̀hún. Mi ò kìlọ̀ ohunkóhun fún àwọn ọkùnrin. Bí ìdákẹ́jẹ́ bá lè tọ́ ọmọ, tiwa ì bá ti tọ́ wọn.

Ní ọjọ́ kejì, mo jókòó. Mo gbé ẹ̀wà síwájú mi. Mo ka ìwé náà fún ara mi sókè, mo ka ibi yẹn lẹ́ẹ̀mejì, mo wá kọ orúkọ mi ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, tèmi àti ti Bàbá, mi ò tẹ̀ka. Mo sọ ọ́, Ìyá mi. Mò ń ṣa ẹ̀wà, mò ń sọ ọ́. Nígbà tí mo dé orí ijó yín, mo gbé orí sókè, mo wo ojú kámẹ́rà. Lẹ́yìn tí mo parí, Àbíkẹ́ fa àga rẹ̀ súnmọ́ mi, ó ki ọwọ́ bọ inú àwo kan náà. Ohun tó sọ, tirẹ̀ ni. Mi ò ní kọ ọ́ síbí.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni Sìdí kan ilẹ̀kùn mi ní ọ̀sán gangan, ìbòrí rẹ̀ ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Kò kí mi dáadáa. Ó ní, "Ẹ fi hàn mí."

Mọ́rẹ̀nikẹ́ ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀ fún un. Sìdí jókòó, ó wò ó láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwo ẹ̀wà wà lórí tábìlì, kò sí ẹni tó bẹ̀ ẹ́, ó kàn rí i pé ọwọ́ òun ti wà nínú rẹ̀, ó ń ṣa á. Nígbà tó kan ibi tí mo ti sọ pé ẹ wọ inú ilé ìdáná, ó sọ̀rọ̀, kò wò mí.

"Èmi ni mo ra ìṣáná yẹn."

Mo ní, "Ìṣáná wo?"

"Èyí tó kún. Ìyá ló fún mi lówó. Wọ́n ní, 'Sáré lọ rà á, kó jẹ́ èyí tí wọn kò tíì ṣí, má jẹ́ kí ẹnì kan rí i, má sì sọ ọ́ títí o fi máa kú.' Mo rò pé wọ́n fẹ́ fi dáná ìnáwó ni. Ìgbà tí mo di ìyàwó ilé ló tó yé mi. Mo ti ṣèlérí fún wọn, Ẹ̀gbọ́n mi. Ìdí rèé tí mo fi ń bá yín jà."

"Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ni, nígbà tí wọ́n gba àbọ̀."

"Rárá o. Ọ̀sán ọjọ́ ìgbéyàwó gan-an ni. Ẹ ṣì wà nínú yàrá, wọ́n ń di irun yín. Wọn ò tíì mú yín kúrò nílé."

Ìyá mi, mo ṣírò rẹ̀, mo tún un ṣírò. Wọn kò tíì mú mi kúrò nílé. Ọkọ mi kò tíì mọ nǹkan kan. Àbọ̀ kò tíì wá. Páálí tó kún ti wà nínú ilé ìdáná yín, ó ń dúró dè é.

Ẹ mọ̀. Ẹ ti mọ̀ láti ọjọ́ tí ẹ fọwọ́ kan iwájú orí mi. Kì í ṣe ojú ara yín lẹ bò. Èmi lẹ ṣọ́. Ẹ kò ní agbára lórí ọkùnrin náà, ẹ kò rí ẹni tó máa bá yín gbọ́ ẹjọ́ náà nílé wa, ẹ wá fi ìṣáná ṣe ohun tí ọwọ́ yín tó. Mo mọ̀ ọ́n báyìí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bi yín: kí ló dé tí ẹ kò pè mí jókòó, kí a jọ bó ẹ̀gẹ́ kan ṣoṣo? Ọ̀rọ̀ yẹn ì bá jáde lẹ́nu mi. Ẹ ì bá gbọ́ ọ, èmi náà ì bá mọ̀ pé ẹ gbọ́. Níbo lẹ sì gbé páálí tó jẹ́ àbọ̀ yẹn sí? Ṣé nítorí rẹ̀ ni ẹ kò fi ṣá ìṣáná mọ́?

Mọ́rẹ̀nikẹ́ ti na ọwọ́ sí kámẹ́rà, ó dúró, ó ń wo Sìdí. Sìdí ní, "Má ya ojú mi o." Ó tún ṣa ẹ̀wà díẹ̀. "Ọwọ́ mi nìkan." Nítorí náà, bí ẹ bá rí ọwọ́ kan nínú fíìmù náà tí òrùka fàdákà yín wà ní ìka rẹ̀, ẹ mọ ọwọ́ ẹni tó jẹ́.

Ọjọ́ Sátidé tó ń bọ̀ ni wọ́n máa fi fíìmù náà hàn, nínú gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ tí a ti ń kọ́ ìwé. Tíṣà wa ló bá wa gba àyè. Gbogbo kíláàsì mi ń bọ̀, onídìrí Ìkòtún ń bọ̀, ó ní òun máa gbé ẹja wá fún mi. Àbíkẹ́ ní kí wọ́n fi ojú òun hàn, ó tún ní kí wọ́n má fi hàn, ó tún ní kí wọ́n fi hàn. Mo sọ fún un pé ìwé tó fọwọ́ sí gbà á láyè láti yí ọkàn padà títí di Sátidé. Èmi fúnra mi lọ sọ fún àkọ́bí ọkùnrin yẹn kó má bàa gbọ́ ọ ní ìta. Kò kí mi mọ́ láti ọjọ́ náà. Ó dùn mí, nítorí mo bá wọn tọ́ ọ ni. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, à máa ríran. Mò ń lọ. Sìdí ní òun máa jókòó sẹ́yìn pátápátá. Mo ní kó jókòó síbi tó bá wù ú, kó ṣáà wá.

Ẹ̀rù ń bà mí díẹ̀. Mi ò ní parọ́ fún yín. Mo ti fọ ìró àdìrẹ yín, òun ni mo máa ró, gèlè dúdú ni mo sì máa wé sí i, torí mo fẹ́ kí wọ́n rí gbogbo ojú mi.

Sìdí ló máa ka lẹ́tà yìí sí etí sàréè yín, nítorí èmi kò ní lè kà á tán. Mo fi owó rán an pẹ̀lú: ọgbọ̀n ẹgbẹ̀rún náírà àti ọgọ́rùn-ún. Ọgbọ̀n ẹgbẹ̀rún náà ni kí wọ́n fi tún sàréè yín ṣe, kí wọ́n kùn ún, kí wọ́n sì kọ orúkọ yín sí i gàdàgbà, kí ẹni tó bá wo fíìmù náà mọ ìyá tó bí mi. Ọgọ́rùn-ún náírà tó lé, owó páálí ìṣáná kan ni, èyí tí wọn kò tíì ṣí. Ẹ má gbé e pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ fi dá iná tiyín.

Èmi ni, ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tó ti mọ orúkọ ara rẹ̀ kọ.